Bí Owó Tó Ń Wọlé Bá Dínkù Nígbà Tí Ẹ Ṣì Ń San Gbèsè Díẹ̀díẹ̀: Ìtọ́sọ́nà Fún Àwọn Tó Wà Ní Àbújá àti Àyíká Rẹ̀

Ẹni tó bá ti ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀ ti la ibi tó le jù kọjá. Ó ti jókòó pẹ̀lú ẹni tó jẹ lówó, wọ́n ti fẹnu kò sórí iye tí yóò máa san lóṣooṣù, ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Àfi kí ọ̀rọ̀ ṣàdédé yí padà: kọ́ńtíráàtì parí, ṣọ́ọ̀bù ní Wuse kò tà mọ́, ọ̀gá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ máa gba ìdajì owó oṣù, tàbí àìsàn dá èèyàn dúró sílé. Ọjọ́ ìsanwó kò sì yẹ̀.

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀yáwó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan ní Kubwa. Ọmọ Yorùbá tí iṣẹ́ gbé wá sí Àbújá ló pọ̀ jù nínú wa. Ẹni tó bá wá bá wa kí ọjọ́ ìsanwó tó pé, a máa ń rí ọ̀nà tún àdéhùn rẹ̀ ṣe. Ẹni tó bá pa fóònù rẹ̀, tó di pé onídùúró rẹ̀ là ń wá kiri, ó máa ń ṣòro fún wa láti gbè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìṣòro kan náà ló ní. Kí sòbìà tó degbò, olúgànbe là ń ké sí. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí dúró lé.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ kó gbogbo gbèsè sójú ìwé kan

Ẹ má fi orí ṣírò. Ẹ mú ìwé, kí ẹ kọ gbogbo ẹni tí ẹ jẹ sílẹ̀: báńkì, ẹgbẹ́, áàpù tó ń yáni lówó lórí fóònù, oníṣòwò tí ẹ gba ọjà àwìn lọ́wọ́ rẹ̀, àjọ tí ẹ ti kó ṣùgbọ́n tí ẹ kò tíì dá tán. Ẹ má yọ èyí tó ń tì yín lójú sílẹ̀, torí òun ló sábà máa ń tú gbogbo ètò ká lẹ́yìn.

Obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ àti ẹ̀wà ní ọjà Nyanya mú ìwé ọmọ rẹ̀ wá bá wa lọ́jọ́ ìpàdé. Ó ti fi báírò pín in sí ọ̀nà márùn-ún: ẹni tó jẹ, ojú owó tó kù, èlé, ọjọ́ ìsanwó, àti bí owó náà ṣe ń kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tó kẹ́yìn yẹn, ó kọ “mo ń fọwọ́ san” síwájú ẹni mẹ́ta, ó sì kọ “wọ́n ń yọ ọ́ fúnra wọn” síwájú ẹni méjì. Bí Alága wa ṣe rí i ló sọ pé, “Ìyá, àwọn méjì yìí lẹ máa kọ́kọ́ lọ bá. Àwọn yìí kò ní dúró gbọ́ àlàyé.”

Òótọ́ ni. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni Báńkì Àpapọ̀ (CBN) ti gbà káwọn báńkì máa lo ètò tí wọ́n ń pè ní GSI. Bí ẹ bá jẹ báńkì kan lówó tí ọjọ́ sì ti kọjá, báńkì náà lè gba owó ọ̀hún nínú àkáǹtì yín ní báńkì mìíràn, nítorí pé BVN yín ló so gbogbo wọn pọ̀. Nítorí náà, kí ẹ kó owó sá lọ sí báńkì míì kò ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ojú owó àti èlé nìkan ni ètò náà fàyè gbà wọ́n láti mú. Owó ìtanràn kò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ béèrè àlàyé gbèsè lọ́wọ́ báńkì lórí ìwé, kí wọ́n ya ojú owó, èlé àti ìtanràn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń san gbèsè tí wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀yin tí wọ́n ń yọ gbèsè yín lára owó oṣù, ẹ wo ìwé owó oṣù yín dáadáa. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 5, sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n máa yọ lára owó òṣìṣẹ́ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Bí owó oṣù yín bá ti dínkù tí iye tí wọ́n ń yọ sì wà bó ṣe wà, ó ṣeé ṣe kó ti kọjá ààlà yẹn. Ẹ lọ bá ẹni tó ń rí sí owó oṣù, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú lẹ́tà.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ iye tí ọwọ́ yín lè ká báyìí

Oṣù tó burú jù nínú oṣù mẹ́ta tó kọjá ni kí ẹ fi ṣírò. Ẹ má fi oṣù tó dára jù ṣírò, ẹ má sì fi owó tí ẹnì kan ṣèlérí pé òun máa fún yín kún un.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Ẹnì kan ń gba ₦280,000 tẹ́lẹ̀, ó ti já sí ₦190,000. Oúnjẹ ilé ń gba ₦60,000, owó ọkọ̀ ₦25,000, gáàsì, iná àti omi ₦15,000, ilé ìwé àti oògùn ₦10,000. Owó ilé rẹ̀ jẹ́ ₦300,000 lọ́dún, ó sì gbọ́dọ̀ máa yọ ₦25,000 sílẹ̀ lóṣooṣù kí ọjọ́ tó pé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦135,000. Ó ku ₦55,000. Kí ó fi ₦5,000 pamọ́ fún ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lójijì, kí ó sì gbà pé ₦50,000 ni òun lè fi san gbèsè. Gbèsè tó sì ń san lóṣù jẹ́ ₦115,000: báńkì ₦70,000, ẹgbẹ́ ₦30,000, áàpù ₦15,000.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fo owó ilé nínú ìṣirò yìí nítorí pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń san án. Nígbà tí onílé bá dé ni wọ́n máa sáré lọ yá òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kíkó kúrò nílé náà gba ìrònú. Àwọn kan máa ń kó láti Wuse tàbí Utako lọ sí Mararaba, nítorí pé ilé rọ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo bẹ́tiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, owó ọkọ̀ láti Mararaba wọ àárín ìlú lójoojúmọ́ ti lè gbé gbogbo ohun tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ mì. Ẹ ṣírò owó ilé pọ̀ mọ́ owó ọkọ̀ kí ẹ tó kó ẹrù. Bó bá jẹ́ pé ibi tí ẹ ń kó lọ ni iṣẹ́ yín wà, ọ̀rọ̀ yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ pín in kó bára mu

₦50,000 kò lè di ₦115,000. Ọ̀nà tó mọ́ jù lójú mi ni kí ẹ pín in gẹ́gẹ́ bí ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe ń gbà tẹ́lẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, báńkì á gba nǹkan bíi ₦30,000, ẹgbẹ́ ₦13,000, áàpù ₦7,000. Ìwé kan náà lẹ máa fi han gbogbo wọn. Nígbà tí ẹni tí ẹ jẹ bá rí i pé ẹ kò gbé owó rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ọkàn rẹ̀ máa rọ̀.

Àwọn tí mo máa ń yọ sọ́tọ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá fi ohun tó ń mówó wọlé ṣe ìdógò, bíi ọkọ̀ tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ tàbí ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ dáàbò bo ìyẹn ná. Bí ẹ bá sì ti kó àjọ kí ó tó yí ká, ẹ tiraka kí ẹ má ṣe dá a dúró, torí owó àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ni ẹ ti ná yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì lè jẹ́ pé owó ilé ìwé ọmọ ló fẹ́ fi tirẹ̀ san. Bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ bá olórí àjọ sọ ọ́ níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ lọ bá wọn kí ọjọ́ tó pé

Ẹ lọ fúnra yín bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sì mú ẹ̀rí dání: lẹ́tà ìdáwọ́-iṣẹ́-dúró, ìwé owó oṣù tuntun, àkọsílẹ̀ àkáǹtì oṣù mẹ́fà, ìwé dókítà bó bá jẹ́ àìsàn, àti ojú ìwé ìṣirò yín. Ní ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, onídùúró yín ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún. Kò yẹ kó jẹ́ ẹnu Akọ̀wé ló ti máa gbọ́.

Ohun tí ẹ lè béèrè ju ẹyọ kan lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iye tó máa ná yín.

Àkọ́kọ́ ni kí wọ́n fi kún ìgbà tí ẹ máa fi san án. Òun ló wọ́pọ̀ jù. Ká ní ó ku ₦1,200,000, èlé sì jẹ́ ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù lórí iye tó bá ṣẹ́kù. Bí ẹ bá máa san án láàárín oṣù 12, ó máa tó nǹkan bíi ₦120,600 lóṣù. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di oṣù 24, á já sí nǹkan bíi ₦70,900. Ara á tù yín lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá san án tán, ẹ ti fi nǹkan bíi ₦254,000 san èlé kún ohun tí ẹ ìbá san. Mo ṣì máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn pé kí wọ́n gbà á, ṣùgbọ́n kí wọ́n béèrè bóyá wọ́n lè máa san jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ìtanràn nígbà tí nǹkan bá sàn.

Èkejì ni kí wọ́n fún yín ní ìsinmi oṣù mélòó kan. Ẹ ṣọ́ra níbí. Nínú ìsinmi náà, èlé kì í sinmi. Lórí ₦1,200,000 yẹn, oṣù mẹ́ta láìsan kọ́bọ̀ á sọ gbèsè di nǹkan bíi ₦1,311,000. Ó dára fún ẹni tó mọ ọjọ́ tí owó máa wọlé, bí ẹni tí iṣẹ́ tuntun rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Kò dára fún ẹni tí kò tíì mọ ibi tó ń lọ. Bí wọ́n bá lè gbà kí ẹ máa san èlé nìkan fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn sàn ju kí ẹ má san rárá, torí ojú owó kò ní wú.

Ẹ sì béèrè pé kí wọ́n fa ìtanràn rẹ́. Èyí kò ná báńkì ní ohun púpọ̀, ìgbà púpọ̀ sì ni wọ́n máa ń gbà, bí ẹ bá ti ń san déédéé tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà náà kò gbọdọ̀ gùn. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí, kí ẹ sì kọ ọ́ lédè Òyìnbó bó bá jẹ́ báńkì:

“Sí Ọ̀gá Àgbà Ẹ̀ka. Láti oṣù Kìíní ni mo ti ń san ₦70,000 lóṣooṣù lórí ẹ̀yáwó mi, mi ò sì tíì pẹ́ ọjọ́ kankan. Láti oṣù yìí, owó oṣù mi ti já láti ₦280,000 sí ₦190,000, lẹ́tà iléeṣẹ́ mi wà lẹ́yìn ìwé yìí. Mo fẹ́ máa san ₦30,000 lóṣooṣù fún oṣù mẹ́fà, kí a sì tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Mo bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe fi ìtanràn kún un, kí ẹ sì fi èsì ránṣẹ́ sí mi lórí ìwé.”

Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì, ọjọ́ àti ìbuwọ́lùwé sí i. Kí wọ́n lu sitáǹbù sí ẹ̀dà tí ẹ máa mú lọ sílé. Títí èsì fi máa dé, ẹ máa san iye tí ẹ kọ síbẹ̀. Bí wọ́n bá sọ lẹ́nu pé “kò sí wàhálà”, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn láti kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì lè kúrò ní ẹ̀ka yẹn lọ́la.

Ọ̀rọ̀ oníṣòwò yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń tajà ní Àbújá ń gba ọjà àwìn lọ́wọ́ àwọn Alhaji ní Kantin Kwari ní Kano, láìsí ìwé kankan láàárín wọn. Ẹ má fi fóònù yanjú èyí bí ẹ bá lè rìnrìn-àjò. Ẹ lọ, kí ẹ kí wọn bó ṣe yẹ, kí ẹ gbé díẹ̀ dání, kí ẹ sì sọ pé “Alhaji, don Allah, a yi haƙuri” (ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe sùúrù). Bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ le, ẹ pe alága ọjà tàbí mai unguwa (olórí àdúgbò) sí i kó jẹ́ ẹlẹ́rìí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ ẹsẹ 280 nínú Súrà Al-Baqarah, tó ní kí a fún onígbèsè tó wà nínú ìnira láyè títí ara yóò fi tù ú. Ẹni tó bá wá fi ojú hàn ni wọ́n sábà máa ń fún láyè yẹn.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe láàárín ìgbà yìí

Ẹ má yá owó lórí áàpù láti san ti báńkì. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Gbèsè báńkì ọlọ́dún kan lẹ fẹ́ fi gbèsè áàpù ọlọ́jọ́ mẹ́rìnlá rọ́pò yẹn, èlé ti áàpù sì ga ju ti báńkì lọ.

Ẹ má kọ ṣẹ́ẹ̀kì ọjọ́ iwájú fún ẹnikẹ́ni nígbà tí ẹ mọ̀ pé owó kò ní sí níbẹ̀. Gbèsè lásán kì í sọni di ọ̀daràn, ṣùgbọ́n ṣẹ́ẹ̀kì tí kò lówó nínú lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òfin tó de irú ṣẹ́ẹ̀kì bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ṣe ní 1977, fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 lé e láìsí ààyè láti sanwó dípò rẹ̀. Àwọn tó ń gba gbèsè mọ èyí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń fúngun mọ́ni pé kí a kọ ọ́. Ẹ sọ pé rárá pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé tí wọn ò tíì kọ iye sí.

Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún mọ̀huru mọ́ yín

Bí ẹnì kan bá ní òun máa kó ọlọ́pàá wá nítorí gbèsè, ẹ fara balẹ̀. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020, ní abala 32, àti òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 tí wọ́n ń lò ní Àbújá, ní abala 8, sọ ọ́ kedere pé wọn kò gbọdọ̀ mú èèyàn kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Òfin 2015 yẹn kan náà, ní abala 7, kò gbà kí wọ́n mú ìyàwó tàbí àbúrò dípò ẹni tí wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá pè yín sí àgọ́, ẹ lọ pẹ̀lú lọ́yà tàbí ẹnì kan tó gbọ́n, kí ẹ sì mú ìwé ìsanwó yín dání.

Àwọn áàpù kan máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo nọ́ńbà tó wà nínú fóònù yín pé olè ni yín. Òfin kò gbà bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba FCCPC, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá níbí, ló ń bójú tó wọn, Òfin Ìdáàbòbo Dátà ti 2023 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ ya fọ́tò ojú fóònù tó gbé àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ rẹ̀ hàn, kí ẹ fi ẹ̀sùn ránṣẹ́. Tí wọ́n bá pè yín, gbólóhùn kan tó: “Ẹ káàsán. Mo ti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí yín pé ₦7,000 ni mo lè san lóṣù, mo sì ti san ti oṣù yìí. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ lórí ìwé.” Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ ò jẹ wọ́n ní àríyànjiyàn.

Bó bá jẹ́ báńkì ni kò dáhùn, ẹ̀ka yín ni ẹ ti máa kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn sùn. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí ojútùú, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà ní CBN. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́, ẹ béèrè bóyá ẹ lè gbé e lọ sí Abuja Multi-Door Courthouse, níbi tí wọ́n ti ń là yín níjà láìsí ẹjọ́ gígùn. Àjọ Legal Aid Council máa ń fún àwọn tí owó wọn kéré ní lọ́yà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí kò bá ṣeé ṣe rárá

Nígbà míì, ìṣirò á fi hàn pé kò sí iye tó lè san án. Ẹni tó pàdánù iṣẹ́, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 50, tí oṣù mẹ́rin sì ti kọjá tí kò rí òmíràn, lè gba tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 ṣe là á kalẹ̀. Mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má kó gbogbo rẹ̀ lé gbèsè. Ẹ yọ oúnjẹ oṣù díẹ̀ àti owó ilé sílẹ̀ ná.

Òfin kan wà ní Nàìjíríà fún ẹni tó wọko gbèsè. Ilé Ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ló ń gbọ́ ọ, ẹni tí ẹ jẹ tàbí ẹ̀yin fúnra yín sì lè gbé ìwé lọ. Wọ́n lè fọwọ́ sí ètò ìsanwó tó kan gbogbo àwọn tí ẹ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ètò tí ilé ẹjọ́ bá fọwọ́ sí lágbára ju lẹ́tà ẹ̀ka báńkì lọ. Bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, kí wọ́n sì kéde pé ẹ ti wọko gbèsè, dúkìá yín á sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí òfin yàn láti pín in. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 kò sì gbà kí ẹni tó bá wà nínú ipò yẹn díje fún ìjókòó Aṣòfin. Nítorí náà, ẹni tó wà lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀ tí owó rẹ̀ sì já, lọ́yà rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ pè lọ́jọ́ náà gan-an, kí ó lè padà sí ilé ẹjọ́ kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá.

Nígbà tí nǹkan bá sàn

Ẹ padà lọ bá wọn, kí ẹ fi kún ohun tí ẹ ń san. Bí ẹ bá ní àfikún, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pé ojú owó ni kí wọ́n fi kàn án, kó má baà lọ sórí ìtanràn. Ní ọjọ́ tí ẹ bá san án tán, ẹ gba lẹ́tà pé ẹ kò jẹ mọ́, kí ẹ gba ohun ìdógò yín padà, kí ẹ sì sọ fún onídùúró yín pé ọrùn rẹ̀ ti bọ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan tàbí méjì, ẹ béèrè àkọsílẹ̀ ẹ̀yáwó yín lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú irú rẹ̀, bíi CRC tàbí FirstCentral. Bí gbèsè náà bá ṣì wà níbẹ̀ bí èyí tí ẹ kò san, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ sí wọn àti sí báńkì, kí wọ́n tún un ṣe.